Kí Àgbẹ̀ Tó Dé Oko Ni Ewu Oògùn Ti Bẹ̀rẹ̀

Bí àgbẹ̀ bá fín oògùn sóko láàárọ̀, tó wá di ọ̀sán tí orí ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, tí gbogbo ara rẹ̀ sì rọ jọ̀wọ̀lọ̀, ibà ni wọ́n sábà máa ń pè é nílé. Wọn á ra oògùn ibà fún un, á sùn, bí ara rẹ̀ bá sì fúyẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, á tún gbé táǹkì kọ́ ẹ̀yìn. Kò sí ìwé ọsibítù kankan tí wọ́n máa kọ ọ́ sí pé májèlé ni. Ìdí kan nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi rò pé ẹni tó bá mu kẹ́míkà nìkan ni kẹ́míkà ń ṣe níbi. Bí ọ̀rọ̀ bá sì wá burú débi tí kò ṣeé bò mọ́, ẹjọ́ tí a máa ń dá kì í pẹ́: a ní kò wọ ìbọ̀wọ́, kò bo imú, wọ́n kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín ni pé ẹjọ́ náà kò tọ́. Púpọ̀ nínú ohun tó ń fi àgbẹ̀ sínú ewu oògùn oko ti wà nílẹ̀ kó tó jí lọ sóko lọ́jọ́ náà: irú oògùn tí wọ́n tà fún un, ike tí wọ́n rọ ọ́ sí, táǹkì tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ooru tó ń mú, àti bí wọ́n ṣe ń san owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá tún ìwọ̀nyí ṣe, ìkìlọ̀ nìkan kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí oògùn ń gbà wọ ara. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹnu àti imú ni, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ti fi aṣọ di imú fi máa ń rò pé kò séwu mọ́. Ṣùgbọ́n ní ti ẹni tó ń fín oko, awọ ara ni ọ̀nà tó gbòòrò jù lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Howard Maibach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi ìwọ̀nba parathion, oògùn apakòkòrò kan tó lóró gan-an, kan oríṣiríṣi ibi lára àwọn ọkùnrin tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n sì ṣírò iye tó wọnú ara. Lára apá, nǹkan bí 9 nínú 100 ló wọlé. Ní àtẹ́lẹwọ́, 12. Ní ikùn, 18. Ní iwájú orí, 36. Ní abíyá, 64. Ní awọ kórópọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Lóòótọ́, ọwọ́ ni oògùn máa ń kàn jù, ṣùgbọ́n díẹ̀ tó bá ṣàn gba ẹ̀yìn dé abẹ́ lè ṣe ju èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ lọ. Ibẹ̀ náà gan-an ni táǹkì tó wà lẹ́yìn àgbẹ̀ máa ń jò sí bí ìdérí rẹ̀ kò bá dé dáadáa tàbí tí wáṣà rẹ̀ ti jẹ: láti ẹ̀yìn sí ìbàdí, láti ìbàdí sí itan. Ṣòkòtò tó ti rin á lẹ̀ mọ́ awọ títí iṣẹ́ ọjọ́ náà yóò fi parí. Òógùn àti ooru sì tún ń jẹ́ kí awọ gba oògùn sára ju ìgbà tí ara bá tutù lọ.

Iṣẹ́ kòkó wá ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó ń fín koríko máa ń da ẹnu ọ̀pá táǹkì kọ ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì máa ń rìn wọnú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín. Ẹni tó ń fín kòkó gbọ́dọ̀ gbé e sókè, nítorí pé orí igi ni èso àti kòkòrò wà, ohun tó bá sì fín sókè yóò padà wá sílẹ̀ sí orí, iwájú orí àti ọrùn rẹ̀. Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú máa ń jà nígbà òjò, nítorí náà wọ́n ń fín in ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹwàá. Oògùn bàbà tí wọ́n ń lò fún àrùn yìí kò lóró tó oògùn apakòkòrò, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ kan máa ń da méjèèjì pọ̀ sínú táǹkì kan kí owó iṣẹ́ má bàa di méjì. Síbẹ̀, ìgbà tó léwu jù lóòjọ́ kì í ṣe ìgbà tí táǹkì wà lẹ́yìn, ìgbà tí wọ́n ń po oògùn ni. Nínú ike tí wọ́n rà, omi kò tíì kan án, ó ṣì ki, ẹ̀kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lè ju gbogbo ìkùukùu tó bà lé èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìdérí wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń fi igi tàbí ọwọ́ rò ó, tó ń ta sójú. Bí ìdọ̀tí bá wá dí ihò tóóró tí oògùn ń gbà jáde, àwọn mìíràn á fi ẹnu fẹ́ ẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn apakòkòrò ń ṣe nínú ara kò ṣòro láti lóye. Iṣan máa ń ránṣẹ́ sí ẹran ara pé kó ṣiṣẹ́. Èròjà kan sì wà tó máa ń pa iṣẹ́ náà rẹ́ bó bá ti jẹ́ tán, kí ẹran ara lè sinmi. Oògùn ìdílé organophosphate, bíi chlorpyrifos àti dichlorvos, ń dí èròjà yẹn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí iṣan ń rán á wá máa wọlé léraléra láìdáwọ́ dúró: itọ́ á máa dà, òógùn á bo ara, ẹran ara á máa fò, ojú á máa ṣe bàìbàì, dúdú inú ẹyinjú á sún kì, bó bá sì le jù, èémí á dí. Orí fífọ́, èébì àti àárẹ̀ ló máa ń ṣáájú, àwọn gan-an ló sì jọ ibà. Ẹni tó bá ní irú àmì wọ̀nyí lẹ́yìn iṣẹ́ oko, kí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì mú ike oògùn náà dání lọ sí ọsibítù, torí pé dókítà tó bá mọ orúkọ oògùn ló máa tètè mọ̀ bóyá atropine, oògùn tó ń tako irú májèlé yìí, ló yẹ ẹ́. Epo pupa tí a gbà gbọ́ pé ó ń rọ májèlé kò lè ràn án lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kẹ́míkà yìí ló máa ń yòrò nínú ọ̀rá, nítorí náà bó bá jẹ́ ẹnu ló gbà wọlé, epo lè mú kó tètè wọnú ẹ̀jẹ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ipá mú un bì.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á. Lára ike oògùn tó bá òfin mu, ìlà aláwọ̀ kan máa ń wà nísàlẹ̀: pupa ni ti èyí tó lóró jù, yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, àwọ̀ ewé ló kẹ́yìn. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹni tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní tó wà lára ike náà lè mọ irú ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n yẹn ti dòfo bí ọlọ́jà bá ti rọ oògùn láti inú kẹ́ẹ̀gì ńlá sínú ike omi tàbí ike ẹlẹ́rìndòdò. N kò pe ọlọ́jà náà ní ìkà. Ẹni tó ní éékà kan kò lówó kẹ́ẹ̀gì odindi, kò sì nílò rẹ̀, ọlọ́jà náà sì fẹ́ tà. Ike tó gbé kúrò níbẹ̀ kò ní orúkọ, kò ní àwọ̀, kò ní ìwọ̀n. Bó bá délé, wọ́n lè tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí olè má bàa gbé e, ibẹ̀ sì ni ọmọdé lè ti rí i lọ́jọ́ tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ paraquat, oògùn apakoríko, ló wà nínú rẹ̀, ẹnu kan péré lè pa àgbàlagbà, kò sì sí oògùn tó ń rọ ọ́.

Pé ewu ti máa ń wà nílẹ̀ kí àgbẹ̀ tó dé oko, kò sí ibi tí a ti lè rí i kedere bíi ẹkùn Borgou ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, tó bá ìpínlẹ̀ Kwara pààlà. Nígbà ọ̀gbìn òwú ọdún 1999 sí 2000, kòkòrò tó ń jẹ òwú kò gbọ́ ti oògùn àtijọ́ mọ́, wọ́n sì kó endosulfan, oògùn apakòkòrò mìíràn, wọlé fún àwọn àgbẹ̀. Lẹ́nu àkókò ọ̀gbìn kan yẹn, èèyàn 37, ó kéré tán, ló kú gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìjọba ṣe wí, àwọn 36 mìíràn sì ṣàìsàn gidigidi. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan, àwọn ọmọdékùnrin tó lọ roko òwú fún bàbá wọn já àgbàdo tó wà láàárín òwú náà jẹ nígbà tí ebi ń pa wọ́n; wọ́n ti fín oko náà ṣáájú, ọ̀kan nínú wọn sì kú. Ta ni aláìgbọ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn ọmọ náà kò fọwọ́ kan táǹkì. Bàbá wọn fín oògùn tí wọ́n pín fún un ni, lórí oko tó ń gbin oúnjẹ sí gẹ́gẹ́ bí gbogbo àgbẹ̀ ti ń ṣe ládùúgbò yẹn. Ibi tí wọ́n ti pinnu pé endosulfan ni kí àgbẹ̀ kéékèèké máa fọwọ́ ara rẹ̀ fín, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wáyé. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm, tó wà fún pípa àwọn kẹ́míkà olóró tí kì í tètè kúrò nílẹ̀ tì, fẹnu kò pé kí endosulfan kúrò lóko káàkiri ayé.

Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tún wà níbẹ̀, èyí tí a kì í sábà dárúkọ. Ọ̀pọ̀ olóko kòkó kì í fín oko wọn fúnra wọn mọ́. Ọjọ́ ogbó ti dé, àwọn ọmọ sì ti lọ sí ìlú. Lébìrà ló ń bá wọn fín in, tí wọ́n sì ń san owó fún un lórí iye táǹkì tó bá fín. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún báyìí, gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi wẹ ọwọ́, tó fi dúró de afẹ́fẹ́ kó rọlẹ̀, tó fi tú táǹkì tó ń jò, owó ara rẹ̀ ló ń jẹ. Bó ti ń parí oko kan lá bọ́ sí òmíràn, nítorí náà oògùn tí olóko kan ń fojú rí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta, lójoojúmọ́ ni ti lébìrà. Òun náà ló sì ṣeé ṣe kó máa lo táǹkì tó gbó jù, torí pé táǹkì àyálò kì í ní ẹni tó ń tún un ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin àti ọmọdé tí wọ́n ń pọn omi tí wọ́n fi ń po oògùn, tí wọ́n sì ń fọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ fín in, nígbà mìíràn pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ ọwọ́ nínú báàfù kan náà. Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n pè wọ́n sí, nítorí pé lójú àwọn tó ṣètò rẹ̀, wọn kì í ṣe afínko.

Àwọn kan á dáhùn pé gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́, bàtà òjò, ìbòmú àti aṣọ tó bo gbogbo ara wà lọ́jà. Kí àgbẹ̀ rà á kó wọ̀ ọ́. Mo gbà pé wọ́n ń ṣèrànwọ́, mo sì gbà pé ẹni tó bá ní bàtà òjò tí kò wọ̀ ọ́ ń ṣe ara rẹ̀. Àmọ́ ẹ fojú inú wo aṣọ ọ̀rá láti ọrùn dé ẹsẹ̀, lábẹ́ igi kòkó tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ débẹ̀, pẹ̀lú táǹkì tó gba lítà 16 tàbí 20 lẹ́yìn. Ooru nìkan lè dá ẹni náà wó. Ìbòmú aláṣọ tí ọ̀pọ̀ ń lò kì í dá èéfín kẹ́míkà dúró; bó bá ti rin, ṣe ló ń gbé oògùn lé ẹnu. Ìbòmú tó lè dá a dúró gbówó lórí, asẹ́ inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa di pípààrọ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ pé ohun tí èèyàn wọ̀ sára ló yẹ kó kẹ́yìn nínú ètò ààbò. Mímú ohun tó léwu kúrò ló yẹ kó ṣáájú. Kì í sì í ṣe èrò tèmi nìkan. FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, gbé ìlànà kan kalẹ̀ lórí oògùn oko ní 1985, ẹ̀dà tuntun rẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013 sì sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé oògùn tí lílò rẹ̀ bá gba aṣọ ààbò tó ń nini lára, tó wọ́n tàbí tó ṣòro láti rí, kí a yẹra fún un, pàápàá láàárín àgbẹ̀ kéékèèké àti òṣìṣẹ́ oko nílẹ̀ olóoru. Ilẹ̀ wa gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ń dá àgbẹ̀ lẹ́bi pé kò wọ aṣọ ààbò, ìlànà yìí ti dá a lóhùn pé oògùn tó gba irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó dé ọwọ́ àgbẹ̀ náà rárá.

Àtakò kejì máa ń wá láti ẹnu àwọn àgbà: Gammalin ni bàbá wa fi fín kòkó, wọ́n sì dàgbà dógbó. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì yẹ ká fi ọ̀wọ̀ dáhùn. Àwọn tó dàgbà dógbó la ń rí tọ́ka sí; àwọn tí kò dàgbà dógbó kò sí níbẹ̀ láti sọ tiwọn, kò sì sẹ́ni tó yẹ òkú wọn wò láti mọ ohun tó pa wọ́n. Pé Gammalin lóró kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí wa: òun náà ni àwọn kan ń dà sódò láti fi pa ẹja, a sì mọ̀ pé irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní jíjẹ. Lindane ló wà nínú rẹ̀, kẹ́míkà tí kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ tàbí nínú ọ̀rá ara. Ní 2009, wọ́n fi í sínú àwọn ohun tí àdéhùn Stockholm fẹ́ kí ayé pa tì.

Èyí tó wúwo jù nínú àtakò ni ti oúnjẹ. Wọ́n ní bí a bá gba oògùn lọ́wọ́ àgbẹ̀, kòkòrò á jẹ kòkó tán, koríko á bo ẹ̀gẹ́, torí pé kò sí ọmọ tó máa mú ọkọ́ mọ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀: owó tí wọ́n ń gbà láti roko éékà kan ti ju ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lè san lọ, oògùn apakoríko sì ti gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ìnira. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé kí gbogbo oògùn kúrò. Èyí tó lóró jù ni mo ń sọ, ohun tó sì ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn kò ti ìbẹ̀rù yẹn lẹ́yìn. Ní 1986, ìjọba Indonesia fòfin de oògùn apakòkòrò oríṣi 57 lóko ìrẹsì, nítorí wọ́n rí i pé àwọn oògùn náà ń pa àwọn kòkòrò tó ń jẹ ọ̀tá ìrẹsì. Ìkórè kò wálẹ̀. Sri Lanka mú àwọn tó lóró jù kúrò lọ́jà ní 1995, ó mú endosulfan tẹ̀ lé wọn ní 1998. Ìkórè ibẹ̀ náà kò wó lulẹ̀. Ní Philippines, Agnes Rola àti Prabhu Pingali ṣírò owó oògùn oko àwọn olóko ìrẹsì, wọ́n fi owó ìtọ́jú àìsàn kún un, àbájáde tí wọ́n sì gbé jáde ní 1993 ni pé bí a bá ka ìlera mọ́ ọn, ẹni tí kò fín in rárá ló jèrè jù. Kòkó kì í ṣe ìrẹsì, mo mọ̀. Àmọ́ gígé ẹ̀ka tó ṣú bolẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, àti kíkó èso tó ti dúdú kúrò lóko lemọ́lemọ́, ń dín àrùn èso dúdú kù, wọ́n sì ń dín iye ìgbà tí a máa fín kù pẹ̀lú wọn.

Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ́nà yìí, bó tilẹ̀ pẹ́. Àjọ NAFDAC, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, chlorpyrifos tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún náà, atrazine, oògùn apakoríko mìíràn, sì kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ilẹ̀ Yúróòpù ti lé paraquat kúrò lóko tirẹ̀ láti 2007, síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é ní Huddersfield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń kó o lọ sókè òkun. Ó dùn mí pé ohun tí wọn kò jẹ́ kó kan awọ àgbẹ̀ tiwọn ni wọ́n ń kà sí ọjà fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òfin tó wà ní Àbújá kò tíì dé abúlé títí dìgbà tí ẹnì kan bá dúró ní ìsọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ibẹ̀ sì ni òfin rere lè ti bí ewu mìíràn. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta dichlorvos nínú ìgò kéékèèké mọ́. Ó tọ́, nítorí pé ìgò kékeré ló ń dé inú yàrá àti ọwọ́ ọmọdé. Àmọ́ bí èyí tó tóbi nìkan bá kù lọ́jà, rírọ oògùn sínú ike omi ni ọgbọ́n tó kù fún ẹni tí kò lówó rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí èyí tó lóró jù kúrò lọ́jà pátápátá, ńlá rẹ̀ àti kékeré rẹ̀, kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe èyí tí oró rẹ̀ kéré sì máa dì í ní ìwọ̀n táǹkì kan, pẹ̀lú ìdérí tí ọmọdé kò lè ṣí àti àwòrán lára rẹ̀. Iṣẹ́ yòókù kò ju agbára ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ lọ: kí wọ́n ra táǹkì tí kò jò àti wáṣà tí wọ́n á máa pààrọ̀, kí wọ́n yan afínko tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, kí wọ́n tọ́jú oògùn sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ tó jìnnà sílé, kí wọ́n fi omi ṣan ike tó ṣófo lẹ́ẹ̀mẹta sínú táǹkì, kí wọ́n sì dá a lu kó má bàa di ohun ìpọnmi. Kí wọ́n sì máa san owó afínko lóòjọ́, kì í ṣe lórí táǹkì.